Ilé etí omi ní Isle of Wight pẹ̀lú ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn: ilé wo ni ká mú?

ỌmọẸ̀pẹ́Thamesmead

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ìyá mi, ẹni ọdún 73, ti wà lọ́dọ̀ wa láti oṣù Kẹrin, wọn yóò sì padà sí Ẹ̀pẹ́ ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Kí wọ́n tó lọ, a fẹ́ kí gbogbo wa, èmi, ọkọ mi, màmá àti àwọn ọmọ mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọdún 11, 8 àti 4, lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Isle of Wight, erékùṣù kan ní gúúsù England, ní òpin oṣù Kẹjọ. Ilé tí a ó ti máa dáná fúnra wa ni a ń wá, nítorí pé màmá kì í jẹ oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì, bí wọ́n bá sì gbé e síwájú wọn, wọn yóò kàn máa fi ṣíbí yí i ká ni.

Ilé méjì ló wà níwájú wa báyìí. Èkíní wà ní Bembridge, létí èbúté ibẹ̀ gan-an, nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Èkejì wà ní Freshwater Bay, lórí òkè, ó ní àjà mẹ́ta, gbogbo fèrèsé rẹ̀ ló sì kọjú sí òkun. Owó wọn kò jìnnà síra. Orúnkún màmá kò gba àtẹ̀gùn púpọ̀, àmọ́ wọ́n fẹ́ràn láti máa rìn díẹ̀díẹ̀ ní àárọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Èwo ni kí a mú? Ṣé kí a gbé mọ́tò lọ ni, àbí kí a wọ ọkọ̀ ojú irin? Kí ni a lè sè níbẹ̀ láìdá wàhálà sílẹ̀? Màmá tún ní kí n béèrè bóyá wọn yóò yẹ páàsípọ́ọ̀tù wò kí wọ́n tó jẹ́ kí àwọn kọjá sí erékùṣù náà.

Arìnkiri

Freshwater Bay ni o, ẹ má ṣe rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti rin ọ̀nà ẹsẹ̀ tó yí erékùṣù náà po, nǹkan bí máìlì 70, ní ọjọ́ mẹ́fà, kò sì sí ibi tó wù mí tó apá ìwọ̀-oòrùn. Láti Freshwater Bay ni ẹ ó ti gun Tennyson Down, òkè ẹfun tó ga tó mítà 147, tí koríko rẹ̀ kúrú tó sì rọ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní sílẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n gbé àgbélébùú òkúta ńlá kan dúró sí ní ìrántí akéwì Tennyson, ẹni tó gbé ní Freshwater fún ọ̀pọ̀ ọdún tó sì máa ń rìn lórí òkè náà. Bí ẹ bá ń bá orí òkè lọ, ẹ ó dé ibi tí ilẹ̀ ti parí, ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti rí àwọn Needles: òpó ẹfun mẹ́ta tó to ara wọn sínú òkun, tí ilé iná kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1859 dúró sí ìdí èyí tó wà ní ìparí. Ẹni tó bá lọ sí erékùṣù yẹn tí kò rí ibẹ̀ kò tíì lọ.

Ní ti páàsípọ́ọ̀tù, ilẹ̀ England náà ni. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ màmá àfi tíkẹ́ẹ̀tì.

OlùgbéRyde

Arìnkiri, ẹ kú ìrìn. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ìyá ẹni ọdún 73 tí orúnkún ń dùn ni wọ́n sọ, ẹ sì ní kí wọ́n gun mítà 147. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe níbí, ó ti di ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń gbé erékùṣù yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí fọ́tò kì í sọ.

Ní àkọ́kọ́, ilé Bembridge yẹn. Ìgbà tí omi kún ni wọ́n ya fọ́tò náà, èmi kò tíì rí onílé kan tó yà á nígbà tí omi fà. Bí omi bá fà, apá tó pọ̀ jù nínú èbúté Bembridge máa ń gbẹ di ẹrẹ̀, àwọn ọkọ̀ ojú omi á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ewúrẹ́ tó ń sinmi lábẹ́ òjìji, òórùn ewé òkun á sì gba inú ilé. Ó ní ẹwà tirẹ̀, àwọn ẹyẹ máa ń pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣèlérí fún ọmọ ọdún mẹ́rin pé yóò jí sínú omi lójoojúmọ́, ẹkún ni yóò fi gba ọ̀rọ̀ yín.

Ní èkejì, òkè ẹfun Freshwater. Etí òkè yẹn kò ní ọgbà, ẹfun sì máa ń ya lulẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tó dà bí ilẹ̀ líle lábẹ́ ẹsẹ̀ yín lè jẹ́ àjà lásán tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ méjì tó ti ń sáré, àti ọ̀kan tó jẹ́ ọdún mẹ́rin, lórí òkè bẹ́ẹ̀, nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́? Ẹni tó bá kó wọn lọ kò ní rí òkun wò rárá, ẹ̀yìn ọrùn wọn ni yóò máa wò.

Ohun tí màmá nílò ni ògiri ìdènà omi, ibi tí wọ́n ti da sìmẹ́ǹtì sí ojú ọ̀nà pẹrẹsẹ tí òkun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Méjì ni mo máa ń sọ fún àwọn aláìsàn mi. Ọ̀kan ni láti Ryde lọ sí Seaview, ẹ ó gba Appley àti Puckpool kọjá, nǹkan bí máìlì méjì ààbọ̀, àga ìjókòó sì wà lójú ọ̀nà. Èkejì ni láti Sandown lọ sí Shanklin lábẹ́ òkè, nǹkan bí máìlì méjì. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n ní Shanklin, ẹ̀rọ agbéniròkè kan wà tó ń gbé èèyàn láti etí òkun lọ sí orí òkè, wọ́n á sì wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Sandown. Ẹ wá ilé tó wà nísàlẹ̀, láìní àtẹ̀gùn, sí ẹ̀bá ọ̀kan nínú méjèèjì.

BàbáÌbejì

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì nípa òkè, àmọ́ ẹ gbé mọ́tò lọ o. Èèyàn mẹ́fà, ẹrù ọ̀sẹ̀ kan, kúlà, ìkòkò, elùbọ́, ta ni yóò rù ú? Ọ̀nà mẹ́ta ni fẹ́rì tó ń gbé mọ́tò ń gbà: láti Southampton sí East Cowes ní nǹkan bí wákàtí kan, láti Portsmouth sí Fishbourne ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, àti láti Lymington sí Yarmouth ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Iye tí wọ́n ń gbà máa ń yàtọ̀ láti wákàtí sí wákàtí, nítorí náà ẹ wo ti òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ti alẹ́, kí ẹ sì rà á ní kíákíá, torí pé oṣù Kẹjọ ni gbogbo ayé ń lọ.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ẹ bá ti wọ inú fẹ́rì, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sínú mọ́tò, òkè ni gbogbo èèyàn ń lọ. Ní ọdún tí a gbé ìyá ìyàwó mi lọ, ibi tó jìnnà jù sí ẹ̀rọ agbéniròkè ni wọ́n tò wá sí, àwọn mọ́tò sì fún mọ́ra débi pé ilẹ̀kùn kò ṣí ju ìdajì lọ. Àtẹ̀gùn irin ni ìyá náà gùn, wọn kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi gúnlẹ̀. Ẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tún un sọ ní ẹnu ọ̀nà, pé àgbàlagbà wà nínú ọkọ̀ tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Ẹ tún fi sọ́kàn pé ẹ̀rù omi lè máa ba màmá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó sí ibi fèrèsé.

ỌmọẸ̀pẹ́Thamesmead

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ BàbáÌbejì sí màmá létí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di igbáàyà mú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, ọmọ alákàn, ọkọ̀ ojú omi ni ìyá wọn fi ń gbé ẹja lọ sọ́jà kí afárá tó pọ̀ báyìí. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé orúnkún ló ń dun àwọn, kì í ṣe àyà.

Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ Bembridge yẹn ló là mí lójú. Mo kọ̀wé sí onílé pé kí ó fi fọ́tò ìgbà tí omi fà ránṣẹ́. Kò tíì dá mi lóhùn.

ÌyáAlásè

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ilé ìdáná, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ìsinmi báyìí ti ń dàrú.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a gba ilé kan létí òkun bákan náà, kì í ṣe erékùṣù yìí. Mo gbé ìkòkò àmàlà mi lọ, alumíníọ̀mù tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí. Mo gbé e ka orí sítóòfù tó rí pẹrẹsẹ bí dígí, mo tẹ̀ ẹ́, iná pupa kan ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó kú. Ọkọ mi ní bóyá iná mànàmáná ti lọ ni, bí ẹni pé Ìbàdàn la wà. Kò mọ̀ pé sítóòfù induction ni, ìkòkò tí òòfà bá lè lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ nìkan ló ń gbà. Búrẹ́dì la jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, ẹ béèrè irú sítóòfù tó wà níbẹ̀. Bí induction bá ni, ẹ mú òòfà kan lára fíríìjì yín, kí ẹ fi kan ìdí ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá lẹ̀ ni kí ẹ gbé.

Omorógùn àti ìjábẹ̀, ẹ fi sínú àpò tiyín, ẹ kò ní bá wọn níbẹ̀. Ata, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ din ín nílé, kí ẹ sì fi sínú ike pẹlẹbẹ títí yóò fi dì gbagidi. Òun gan-an ni yóò ṣe iṣẹ́ yìnyín nínú kúlà. Ẹ má din ata ní ilé onílé. Kékeré ni irú ilé wọ̀nyí, ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá gbòde sì wà lókè orí alásè, yóò ké títí aládùúgbò yóò fi kan ilẹ̀kùn. Àga funfun àti aṣọ tábìlì funfun ni wọ́n tún fẹ́ràn, ẹ̀kán epo pupa kan sì tó láti gba gbogbo owó tí ẹ fi sílẹ̀ ní ìdúró. Aṣọ oníke ni mo máa ń tẹ́ sórí tábìlì wọn kí ẹnikẹ́ni tó jókòó.

OlùgbéRyde

Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ẹ má ṣe kó gbogbo oúnjẹ láti London. Àwọn ilé ìtajà ńlá wà ní Ryde, Newport àti Sandown, ìrẹsì, ẹyin, tòmátò àti adìyẹ kò sì wọ́n níbẹ̀. Elùbọ́, gàrí, ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ wa ni kí ẹ gbé. Aáyù, ẹ má gbé e rárá. Oko aáyù ńlá kan wà ní Newchurch tí àwọn èèyàn máa ń lọ wò, oríṣiríṣi rẹ̀ ni wọ́n ń tà.

BàbáÌbejì, ẹ má bínú, mo ní èrò mìíràn lórí mọ́tò. Láti ibùdókọ̀ Waterloo ní London, ọkọ̀ ojú irin ń lọ tààrà sí Portsmouth Harbour, èbúté ọkọ̀ tó ń lọ sí Ryde sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ náà. Ìṣẹ́jú 22 ni wọ́n fi ń kọjá. Orí afárá gígùn tó wọ inú òkun ni ẹ ó sọ̀ sí, ọkọ̀ ojú irin kékeré sì ń bọ̀ wá gbé èèyàn ní ìparí afárá náà, yóò gba Ryde, Brading àti Sandown títí dé Shanklin. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ London tí wọ́n tún ṣe ni, láti ọdún 2021 ni wọ́n ti ń lò wọ́n, nítorí náà màmá lè rò pé àwọn ṣì wà ní District line. Ohun tó mú kí afárá yẹn gùn tó bẹ́ẹ̀ ni pé omi Ryde máa ń fà jìnnà gan-an. Kí wọ́n tó ṣí i ní ọdún 1814, ẹ̀yìn alágbàrù ni àwọn èrò ń gùn dé orí iyanrìn, lẹ́yìn náà wọn a wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí yóò gbé wọn la iyanrìn tútù kọjá.

Iyanrìn yẹn kan náà ni mo fẹ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ó máa ń tàn èèyàn. Ẹ ó rìn jáde títí ilé á fi kéré lẹ́yìn yín, omi tó ń bọ̀ kò sì ní gba iwájú yín wá, ẹ̀yìn ni yóò gbà, nípasẹ̀ àwọn ihò tó rọlẹ̀. Ẹ wo àkókò tí omi yóò kún ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì rántí pé ní ìgbà òṣùpá tuntun àti òṣùpá àrànmọ́jú ni ó máa ń kún jù tó sì máa ń fà jù. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 999 ni, ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní Coastguard, àwọn tó ń dóòlà èèyàn létí òkun.

BàbáÌbejì

Mo gbọ́. Àmọ́ ẹni tó bá gbé kúlà méjì, ọmọ ọdún mẹ́rin àti ìyá àgbà gba Waterloo kọjá ní ọjọ́ Sátidé oṣù Kẹjọ, kí ó wá ròyìn fún wa.

ỌmọÌtàn

Ẹ má jẹ́ kí òjò ká yín mọ́lé, nítorí yóò rọ̀. Ní ọjọ́ tó bá rọ̀, ẹ lọ sí Osborne House ní East Cowes, ilé tí Ọbabìnrin Victoria kọ́ fún ìsinmi etí omi tirẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní oṣù Kìíní ọdún 1901. Ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀ níbí ni Àìná, ọmọ Òkè-Ọdàn ní ilẹ̀ Yewa, tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú, tí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Forbes sì gbé wá sí England ní ọdún 1850. Ọbabìnrin ló san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, Sarah Forbes Bonetta sì ni orúkọ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n níbí. Ní ọdún 2020, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ tí Hannah Uzor yà kọ́ sí Osborne. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó ìwọlé bóyá ó wà lára ògiri ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ. Etí òkun tí ọbabìnrin fi ń lúwẹ̀ẹ́ náà wà nísàlẹ̀ ọgbà, ọkọ̀ kékeré sì máa ń gbé àwọn tí kò lè rìn lọ síbẹ̀.

Arìnkiri

Mo gbà pé mo gbàgbé orúnkún. Ṣùgbọ́n ẹ má torí bẹ́ẹ̀ pa apá ìwọ̀-oòrùn tì pátápátá. Ojú irin àtijọ́ kan wà láti Yarmouth lọ sí Freshwater lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Yar, wọ́n ti yọ irin rẹ̀, ó sì tẹ́jú pẹrẹsẹ débi pé ọmọlanke ọmọdé ń gbà á. Màmá lè fi ọ̀pá rìn ín. Ní ọjọ́ kan, kí bàbá kó àwọn ọmọ tó dàgbà lọ sí Compton Bay, kí wọ́n wá ẹsẹ̀ dáínósọ̀ ní Hanover Point, òkúta ni gbogbo rẹ̀, ó ní ìka mẹ́ta, ó sì tóbi ju àtẹ oúnjẹ lọ. Kí màmá náà sì lọ jẹ akàn ní Steephill Cove, ní ẹ̀bá Ventnor. Kò sí akàn tó dùn tó tibẹ̀.

OlùgbéRyde

Ìgbà tí omi bá fà nìkan ni àwọn ẹsẹ̀ dáínósọ̀ yẹn máa ń hàn, kí wọ́n sì dúró jìnnà sí ìdí òkè, nítorí pé amọ̀ àti òkúta ń já lulẹ̀ níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ní Steephill Cove, mọ́tò kò dé ibẹ̀ rárá. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, lílọ yóò rọrùn, àbọ̀ ni yóò di ọ̀ràn. Ventnor fúnra rẹ̀ dà bí ìlú tí wọ́n kọ́ sára àkàbà. Kí ẹ tó gba ọ̀nà etíkun láti Shanklin lọ sí ìhà yẹn, ẹ wò ó bóyá ó ṣí sílẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ya lulẹ̀ púpọ̀ ní Bonchurch ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ilẹ̀ ìhà ibẹ̀ kò sì fìdí múlẹ̀. Akàn tó dára wà ní èbúté Bembridge tí a ń bú láti òwúrọ̀ yìí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú.

ỌmọẸ̀pẹ́Thamesmead

Onílé Bembridge ti dá mi lóhùn. Ó ní fọ́tò ìgbà tí omi fà kò sí lọ́wọ́ òun. Mo ti fi ilé rẹ̀ àti ti Freshwater sílẹ̀, mo sì ti san owó ìdúró ilé kan ní Sandown, nísàlẹ̀, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ògiri ìdènà omi. Mo béèrè, induction ni sítóòfù wọn lóòótọ́. Mo fi òòfà kan ìdí ìkòkò mẹ́fà tí mo ní, méjì péré ló gbà á, ìkòkò àmàlà kò sí lára wọn, mo sì ti ra tuntun.

Ní ti ìrìnnà, ọkọ mi yóò gbé ẹrù pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú mọ́tò gba Fishbourne, èmi àti màmá yóò wọ ọkọ̀ ojú irin títí dé orí afárá Ryde, kí BàbáÌbejì àti nọ́ọ̀sì má baà bá ara wọn jà nítorí tèmi. Màmá ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wọn: ṣé ààyè ni wọ́n ń ta akàn Bembridge, àbí wọ́n ti sè é? Wọ́n ní bí wọ́n bá ti sè é, kí n má wulẹ̀ mú àwọn débẹ̀.

OlùgbéRyde

Sísè ni ọ̀pọ̀ wọn ń tà á, wọ́n á ti yọ ẹran rẹ̀ padà sínú igbá rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá tètè dé ní àárọ̀, tí ẹ sì bá apẹja sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ó tà á ní ààyè fún yín. Ẹ gbé korobá tó ní ìdérí dání.